Ṣé O Mọ̀? Aràrá Tí Ń Ṣọ́ Aṣọ àti Igi

Ṣé o mọ̀ pé èékánná rẹ ń hù bí o ṣe ń ka gbólóhùn yìí? Ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó ń fi bíi náánòmítà kan gùn sí i. Má wulẹ̀ tẹjú mọ́ ọn, o ò ní rí i.

Ta ló mọ̀ pé "náánò" tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń yan fanda kò ju "aràrá" lọ lédè Gíríìkì? Aràrá náà sì ni lóòótọ́: mílíọ̀nù kan náánòmítà ló máa tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó gùn tó mìlímítà kan ṣoṣo lórí rúlà ọmọ iléèwé.

Fa irun kan tu lórí rẹ, rọra o! Ìbú irun yẹn tó náánòmítà 80,000 sí 100,000. Àwọn ohun tí mo fẹ́ fi hàn ọ́ lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lè tò sójú ìbú irun yẹn kí ààyè sì tún ṣẹ́ kù.

Ọmọ Jàpáánù ló kọ́kọ́ pe iṣẹ́ yìí ní nanotechnology: Norio Taniguchi, ní 1974. Ọdún 15 ṣáájú rẹ̀ ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Richard Feynman ti sọ̀rọ̀ tó di ìlú mọ̀ọ́ká lórí ọ̀ràn yìí kan náà ní California. Ó rí ọmọ, kò sọ ọ́ lórúkọ.

Àwọn ará Róòmù tiẹ̀ ti ṣe é láìmọ̀ pé àwọn ń ṣe é! Ife Lycurgus wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, láti nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn: tan iná sí i níwájú, ewéko ni àwọ̀ rẹ̀, gbé iná sínú rẹ̀, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rún wúrà àti fàdákà tó kéré ju ohun tí ojú lè rí ló ń pa idán náà.

Ṣùgbọ́n aṣọ àti igi la bá dé ibí. Jẹ́ ká lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni bùbá ọrùn rẹ àti ìlẹ̀kùn ilé rẹ? Ohun tí wọ́n ń pè ní sẹ́lúlóòsì ni ìyá wọn: òwú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ látòkè délẹ̀, igi sì fi nǹkan bí ìdajì ara rẹ̀ jẹ́ ẹ. Anselme Payen, ọmọ Faransé, ló yọ ọ́ sọ́tọ̀ lára ewéko ní 1838.

Gbọ́ èyí, kí o sì fọkàn balẹ̀: ohun tó wà nínú èbà tí o jẹ lánàá náà ló wà nínú ṣòkòtò rẹ. Ṣúgà kan náà, glúkóòsì, ló so kọ́ra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ nínú méjèèjì. Bí ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣe dojú kọ èkejì nìkan ló yàtọ̀. Ìyàtọ̀ bín-íntín yẹn ni kò jẹ́ kí ṣòkòtò lè dà nínú ikùn.

Nínú ikùn tìrẹ ni mo sọ o. Ikán kò mọ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀: ó kó àwọn ohun alààyè tíntìntín sínú ikùn bí ẹni kó ọmọ ọ̀dọ̀ sílé ìdáná, àwọn ló ń bá a sọ igi di ṣúgà.

Fọ́nrán òwú kan ṣoṣo, bí o bá fà á yọ lára kóró rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni. Kan ṣoṣo! Sẹ́ẹ̀lì ara tìrẹ, àfi kí o fi awò wò ó; ti òwú lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3.

Àwọn kan máa ń sọ pé owó kì í so lórí igi. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ dọ́là Amẹ́ríkà: òwú ló kó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún bébà rẹ̀, ọ̀gbọ̀ sì kó ìyókù. Kò sí igi níbẹ̀ rárá.

Ohun gbogbo tó bá tutù máa ń rọ̀, àbí? Òwú kọ̀ jálẹ̀: bó bá tutù, ńṣe ló tún ń le sí i ju ìgbà tó gbẹ lọ. Òun ni alágbàfọ̀ fi lè fún un, kó lọ́ ọ, kó nà án mọ́ òkúta, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ ya.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nìyí: náánò ti wà nínú igi kí ẹnikẹ́ni tó bí onímọ̀ kankan. Okùn sẹ́lúlóòsì tó so igi ìrókò ró, tó fi ń dúró de ìjì fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò nípọn ju bíi náánòmítà 3 lọ.

Aṣọ àti igi wá jẹ́ ọmọ ìyá, wọ́n sì jọ jogún ọ̀tá: omi, oòrùn, iná, àti àwọn tí ń jẹ wọ́n lóòyẹ̀.

Ká ti orí omi bẹ̀rẹ̀. Já ewé kókò kan, bu omi sí i. Ṣé o rí i? Omi ò rin ín, ńṣe ló ń yí kiri lórí rẹ̀ bí ọmọ ayò. Gbogbo wa la fi eléyìí ṣeré lọ́mọdé, kò sì sí ẹni tó fi gboyè nínú wa.

Ẹni tó fi gboyè wà ní Jámánì! Wilhelm Barthlott ń fi awò alágbára wo ewé oríṣiríṣi ní àwọn ọdún 1970, ó sì ṣàkíyèsí pé àwọn ewé kan kì í béèrè pé kí wọ́n fọ àwọn kí wọ́n tó wo àwọn. Àwọn tí ara wọn rí págunpàgun ló mọ́ jù. Ìwọ náà wò ó: ohun tó dán ló dọ̀tí, ohun tó rí ṣákiṣàki ló mọ́.

Kí ló fà á? Ẹ̀rún ìda tó kéré jọjọ ló tò sójú ewé náà bí ẹ̀gún, afẹ́fẹ́ sì há sáàárín wọn. Omi tó bá bọ́ sórí rẹ̀, orí ẹ̀gún ló jókòó sí, kò fara kan ilẹ̀. Bó bá sì ti ń yí lọ, ó ń ru eruku dání. Barthlott àti Christoph Neinhuis kọ ọ́ jáde ní 1997.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni òwú lọ yáwó lọ́wọ́ ewéko. Ní 1998 ni David Soane dá Nano-Tex sílẹ̀ ní California, lẹ́yìn tó wo irun múlọ́múlọ́ ara èso písì tí kì í jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́. Irun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òwú kò gùn ju bíi náánòmítà 10. Àgbẹ̀ ló gbin èso, télọ̀ ló jèrè.

Da wáìnì sórí irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀, ó máa yí bọ́ sílẹ̀ gbirigbiri. Síbẹ̀, fọwọ́ kan aṣọ náà, òwú lásán ni. Irun náà kéré débi pé ọwọ́ rẹ kò lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

(Ibo ni àwọn Nano-Tex wà lọ́jọ́ tí mo wọ agbádá funfun lọ síbi ìnáwó, tí ẹni tó ń pín ọbẹ̀ ṣi ẹsẹ̀ gbé? Epo pupa yẹn ṣì wà lórí agbádá náà dòní. Mo ti fi jogún fún ìnulẹ̀.)

Oṣù 2 nínú omi, kó sì jáde ní gbígbẹ! Èyí ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Zurich: ní 2008, Stefan Seeger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi fọ́nrán sílíkónì tó nípọn tó náánòmítà 40 bo aṣọ kan. Pọlísítà ni aṣọ náà o, kì í ṣe òwú. N kò fẹ́ kí o lọ bá aláṣọ òkè rẹ jà.

Ó yá, bọ́ sóòrùn. Ṣé o mọ̀ pé síńgílẹ́ẹ̀tì funfun tí o gbójú lé kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà ọ́ lọ́wọ́ oòrùn? Nínú ìtànṣán tí ojú kò lè rí, èyí tí ń jó awọ ara, nǹkan bí ìdá kan nínú 5 sí 7 ló ń kọjá nínú òwú funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí o bá wá làágùn tí ó tutù, ó tún ń wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ!

Fi ẹ̀rún zinc oxide oníwọ̀n náánò sí òwú yẹn kan náà, ìtànṣán náà lè dín kù sí ìdá kan nínú 50. Aṣọ kò nípọn sí i, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà.

Àwọ̀ kò yí padà kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, idán mìíràn nìyẹn. Zinc oxide funfun bí ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n lọ̀ ọ́ títí tó fi kéré gan-an ju ìgbì ìmọ́lẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ ò ní í rí i kọlù mọ́, ojú rẹ náà ò sì ní í rí funfun kankan.

Ta ni yóò fi ọ̀dà ògiri fọ aṣọ? Hong Kong ṣe é. Titanium dioxide ló ń mú ọ̀dà funfun funfun, ó sì wà nínú ọṣẹ ìfọyín pẹ̀lú. Ní 2004, Walid Daoud àti John Xin fi ẹ̀rún rẹ̀ bo òwú, oòrùn sì di alágbàfọ̀: bó bá ti tàn sí i, ìdọ̀tí ara aṣọ ń túká wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ lásán ló kọ́kọ́ rí agbára ìyẹ̀fun yìí! Akira Fujishima ṣì ń kàwé ní Tókíò ní 1967 nígbà tó tanná sí i nínú omi, tó rí i tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ afẹ́fẹ́ pọ́pọ́pọ́. Kò gbé e kaná o. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń pín omi sọ́tọ̀ níbẹ̀.

Ìyẹ̀fun náà kì í sì í tán. Ó ń ṣiṣẹ́ lónìí, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́la, bí oòrùn ṣe ń yọ ló ń jí. Wọ́n ti ń tà á lára gíláàsì fèrèsé ní Ìlú Ọba láti 2001.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ àbàwọ́n, kí ni kò ní í jẹ́ kó jẹ aṣọ? Ìbéèrè rere! Ó ń jẹ ẹ́ ni. Nítorí náà làwọn kan fi kọ́kọ́ ń fi sílíkà, ọmọ ìyá yanrìn, bo òwú, kí ìyẹ̀fun náà tó jókòó lé e. Ògiri ni wọ́n fi pààlà sáàárín olè àti oúnjẹ.

Ìṣẹ́jú 6 kò tó láti fọ aṣọ kan, àfi bó bá jẹ́ ti Yunifásítì RMIT ní Melbourne. Ní 2016 ni wọ́n fi bàbà àti fàdákà oníwọ̀n náánò sára òwú. Gbé e sábẹ́ gílóòbù tàbí sínú oòrùn, àwọn míràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ara wọn mọ́ kí ìṣẹ́jú 6 tó pé.

Iná ńkọ́? Ìṣirò kan rèé tó máa ń bà mí lẹ́rù. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ọ́síjìn kó ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Òwú kò nílò ju bíi 18 lọ láti máa jó. Ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ yàrá rẹ ti pọ̀ jù fún un tẹ́lẹ̀. Iṣáná ló kù.

Irun àgùntàn ní tirẹ̀ ń béèrè bíi 25 kó tó gbà láti jó. Àgùntàn tí a ń fi ṣe ẹlẹ́yà pé kò gbọ́n!

Ṣé o mọ̀ pé amọ̀ lè gba aṣọ lọ́wọ́ iná? Ní Texas, Jaime Grunlan àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ri òwú bọnú omi amọ̀ náánò àti omi mìíràn, wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún rì í, ìpele lé ìpele bí ìgbà tí aláró ń rẹ aṣọ ẹtù. Nígbà tí wọ́n fi iná sí i ní 2010, èyí tí wọn kò rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣẹ́ ku nǹkan kan. Èyí tí wọ́n rẹ, ojú híhun aṣọ náà ṣì hàn lára rẹ̀.

Wọ́n tún wá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 2012: wọ́n lo èèpo edé àti akàn! Ohun tí wọ́n fà yọ lára èèpo wọ̀nyẹn, pẹ̀lú ásíìdì kan tó pọ̀ nínú ẹ̀wà àti ọkà, ni wọ́n fi bo òwú. Wọ́n dáná sí i, iná náà kú fúnra rẹ̀. Ohun tí à ń jẹ, tí à ń dà nù!

Jókòó kí o tó ka èyí. Ní Turin, Ítálì, ní 2013, wọ́n fi DNA àtọ̀ ẹja bo òwú, iná sì kọ̀ láti jó o. Ẹja tó ń gbénú omi tún wá ń paná lórí ilẹ̀.

Kì í ṣe àwàdà o, DNA bá iṣẹ́ náà mu rẹ́gí: fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ń di ásíìdì nínú iná, ṣúgà inú rẹ̀ ń di èédú tó bo aṣọ, ìyókù sì ń tú afẹ́fẹ́ tí kì í jó sílẹ̀. Nǹkan 3 tí àwọn oníṣẹ́ ìpaná máa ń wá káàkiri, inú ẹyọ kan ṣoṣo ló wà.

Jẹ́ kí n bi ọ́: òógùn ń rùn? Rárá o! Òógùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní òórùn. Bakitéríà tí ń jẹ ẹ́ ló ń rùn. Òun ni wọ́n fi fi fàdákà náánò sínú ìbọ̀sẹ̀, torí bakitéríà àti fàdákà kì í gbé pọ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ olówó iyebíye! Àmọ́ ibo ni fàdákà náà ń lọ? Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona ní 2008, wọ́n ra ìbọ̀sẹ̀ oríṣi 6, wọ́n fi omi lásán fọ̀ wọ́n. Àwọn kan di fàdákà wọn mú. Àwọn kan, kí wọ́n tó fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ti bómi lọ. Mo rò pé èèyàn ò bá máa ju owó ẹyọ sínú gọ́tà, iṣẹ́ kan náà ni. Bakitéríà tó wúlò nínú odò kò sì ṣẹ̀ wá.

Àbí o rò pé òkè òkun nìkan ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀? Lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́! Ní Yunifásítì LAUTECH, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi òwú aláǹtakùn ṣe fàdákà náánò, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 2016. Òwú aláǹtakùn tí ìyàwó ilé ń fi ìgbálẹ̀ gbá lókè àjà!

Wọ́n tún lo èèpo kókó. Wọ́n lo èèpo obì pẹ̀lú, wọ́n sì po fàdákà tí wọ́n rí níbẹ̀ mọ́ ọ̀dà, kí bakitéríà má bàa rí ibùjókòó nínú ọ̀dà náà. Èèpo tí àgbẹ̀ dà sí ìdí igi, tó jẹrà níbẹ̀ látayé baba wa.

Ọ̀dà mú wa dé ọ̀dọ̀ igi. Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ ogbó ló sọ pákó ìta di eléérú? Oòrùn ló jẹ lẹ̀ẹ̀ tó so ó pọ̀, lígínì, òjò sì ṣàn án lọ. Igi náà bó ni, kò hewú.

Bíbó náà kò jinlẹ̀ rárá! Ìtànṣán burúkú yẹn kì í wọ igi tó ìdá kan nínú 10 mìlímítà. Bí ọgọ́rùn-ún ọdún bá pé, igi rírọ̀ tó wà níta láìní ọ̀dà ti sọ nǹkan bíi mìlímítà 6 nù, kò jù bẹ́ẹ̀.

Òun ni fáníìṣì tí kò ní àwọ̀ fi ń dójú ti káfíńtà: oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá, ó jẹ igi lábẹ́, fáníìṣì sì ṣí kúrò bí awọ ejò. Fi zinc oxide náánò sí i, igi ṣì hàn kedere, oòrùn nìkan ni wọn kò jẹ́ kó wọlé.

Kí igi tó jẹrà, ó gbọ́dọ̀ mumi yó. Bí omi inú rẹ̀ kò bá tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, olú tí ń jẹ igi kò lè rí nǹkan ṣe. Páànù tí kò jò ni oògùn àkọ́kọ́, náánò ń bọ̀ lẹ́yìn.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, májèlé arsenic ni wọ́n fi ń pa ikán lára pákó! Ọmọ Íńdíà kan, Sonti Kamesan, ló po ó pọ̀ mọ́ bàbà àti chromium ní 1933. Ìparí 2003 ni Amẹ́ríkà jáwọ́ nínú rẹ̀ lára igi ilé gbígbé. Láti nǹkan bí 2006, bàbà tí wọ́n lọ̀ kúnná títí dé ìwọ̀n náánò ló ń bá wọn ṣọ́ ọgbà.

Pákó tí o lè gba inú rẹ̀ rí ọmọ rẹ tó ń ṣeré níta ńkọ́? Siegfried Fink ti ṣe igi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ní Jámánì ní 1992. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Sweden àti ní Maryland, Amẹ́ríkà, jí ọ̀rọ̀ náà dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Maryland kò sì dúró níbẹ̀. Ní 2018 wọ́n fi kọ́síìkì sódà, tí àwọn ọlọ́ṣẹ mọ̀ bí ẹni mowó, se igi, wọ́n fi ooru tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi kù ní ìdá kan nínú 5 ìnípọn rẹ̀. Ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po 11 àti àbọ̀.

Ó dáa. Ibi tí mo ń lọ látàárọ̀ nìyí.

Ọkọ̀ ogun kan wà tí kò ja ogun kankan rí! Vasa lorúkọ rẹ̀, ọba Sweden fi àgbá 64 dì í. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1628 ló kọ́kọ́ jáde. Kò rìn ju nǹkan bíi mítà 1,300 tó fi rì, níṣojú èrò tó wá ṣàyẹ́sí rẹ̀.

Ọdún 333 ló fi sùn sísàlẹ̀ omi, wọ́n fà á sókè ní 1961, igi rẹ̀ ṣì dúró gírígírí. Ìdin òkun tí ń lu igi ọkọ̀ jálujálu kò lè gbé nínú omi ibẹ̀: iyọ̀ rẹ̀ kò tó o.

Kí ó má bàa sán bó ṣe ń gbẹ, ọdún 17 gbáko ni wọ́n fi ń wọ́n oògùn kan sí i lára. PEG ni wọ́n ń pè é, ó wà nínú ìpara tí o fi pa ojú láàárọ̀ yìí.

Wọ́n rò pé ó ti parí. Ní ìgbà ooru ọdún 2000, òjò rọ̀ lákọlákọ níta, ọkọ̀ tó wà nínú ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu ohun funfun lára. Ásíìdì! Imí ọjọ́ tó ti wọnú igi lábẹ́ omi, bóòtù irin tó dípẹtà tì í lẹ́yìn, wọ́n jọ ń po ásíìdì bátìrì nínú igi náà.

Èló ni? Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ ní 2002, wọ́n ní imí ọjọ́ inú rẹ̀ lè di ásíìdì tó tó kílógíráàmù 5,000. Rọra fojú inú wò ó: ọkọ̀ tó ń mu ara rẹ̀ bí ọ̀mùtí.

Kí ni wọ́n fi dá a lóhùn? Láìmù! Láìmù tí àwọn bàbá wa ń pò mọ́ omi fi kun ògiri. Piero Baglioni, Rodorico Giorgi àti David Chelazzi ní Florence, Ítálì, ṣe é ní ìwọ̀n náánò, wọ́n po ó mọ́ ọtí tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu, wọ́n sì rẹ àwọn ègé igi Vasa sínú rẹ̀. Wọ́n kọ èsì rẹ̀ jáde ní 2005: láìmù wọ inú igi, ó pa ásíìdì.

Apá tó dùn mọ́ mi jù: láìmù tó bá ṣẹ́ kù kì í sá lọ. Ó ń fa carbon dioxide mọ́ra nínú afẹ́fẹ́, ó ń di òkúta funfun bín-íntín nínú igi, ó ń dúró de ásíìdì ọ̀la bí ọlọ́dẹ òru.

Mary Rose, ọkọ̀ Ọba Henry Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ́ nísàlẹ̀ omi jù ú lọ: ó rì ní 1545, ó yọ ní 1982, ọdún 437. Fún tirẹ̀, strontium carbonate náánò ni Eleanor Schofield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé wá. Strontium yẹn kan náà ló ń fún iná tí wọ́n ń yìn sójú sánmà lálẹ́ ọdún tuntun ní àwọ̀ pupa.

Ṣé o mọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ fi náánò sínú igi Mary Rose? Bakitéríà ni! Ní 2021 ni wọ́n rí ẹ̀rún zinc sulphide tíntìntín nínú igi náà, èyí tí àwọn kòkòrò àìrí ti pò síbẹ̀ nínú ẹrẹ̀ òkun.

Álọ́ọ̀mù tí à ń fi mú omi kànga tòrò ti ba ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jẹ́ rí. Ní Norway, wọ́n hú ibojì ọkọ̀ Oseberg ní 1904, ọkọ̀ tí wọ́n fi sin obìnrin 2 ní 834. Wọ́n se púpọ̀ nínú igi ibẹ̀ nínú omi álọ́ọ̀mù gbígbóná kí ó má bàa sunkì. Ásíìdì tó ti ibẹ̀ yọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ sẹ́lúlóòsì inú wọn tán. Ta ni wọ́n ránṣẹ́ pè? Láìmù náánò láti Florence.

Ṣé o wá mọ̀ pé igi kan wà nílé tí kì í ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni? Ìrókò fúnra rẹ̀ ń gba carbon dioxide, ó ń pò ó mọ́ ohun tó fà látinú ilẹ̀, ó ń sọ ọ́ di òkúta funfun inú ara rẹ̀, calcium carbonate, ohun kan náà tí láìmù Florence ń dà nínú igi Vasa. Bi àwọn tí ń la pákó ní sọ́míìlì léèrè. Wọn kò mọ náánò kankan, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi eyín ayùn tí òkúta ìrókò ti kán hàn ọ́.